Ṣé Ara Ẹ Máa Ń Balẹ̀ Lọ́dọ̀ Wọn?

Tí a bá ń wá therapist fún ọmọ wa, ìwé ẹ̀rí la kọ́kọ́ máa ń wò: ilé ìwé wo ni wọ́n lọ? Ṣé insurance wa á san owó ẹ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ ká bi ọmọ fúnra ẹ̀: "Ṣé ara ẹ máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ní 2018, Christoph Flückiger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 295 jọ, lórí àwọn àgbàlagbà tó lé ní 30,000. Wọ́n rí i pé bí àjọṣe aláìsàn àti therapist bá ṣe dán mọ́rán tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú sábà máa ń yọrí sí rere tó, irú ìtọ́jú yòówù kó jẹ́. Ìwádìí lórí àwọn ọmọdé náà tọ́ka síbẹ̀. Àjọṣe nìkan kọ́ ló ń woni sàn o, ṣùgbọ́n ó wà lára ẹ̀.

Ní 1979, Edward Bordin pín àjọṣe yìí sí mẹ́ta: kí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n ń lọ, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n lè débẹ̀, kí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, kò rí oorun sùn mọ́ lẹ́yìn tí màmá mi kú. Therapist tí a rí níbí ní Atlanta mọ iṣẹ́ wọn, àmọ́ ọmọ kì í dá wọn lóhùn. Lọ́sẹ̀ kẹrin mo bi í léèrè. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé wọ́n fẹ́ kí òun gbàgbé Màmá, òun ò sì fẹ́ gbàgbé. Ẹ ò rí i? Ibi tí wọ́n ń lọ ò pa pọ̀. A sọ fún therapist, wọn ò bínú. Wọ́n ní kí ọmọ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń pe "Màmá" dáadáa, wọ́n sì bi í ní ohun tí òun gan-an ń fẹ́. Ó ní òun fẹ́ máa sọ ìtàn Màmá láìsunkún. Ọjọ́ yẹn ni ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ní 1954, ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé nílé àwọn ará abúlé, kí mọ̀lẹ́bí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́, torí wọ́n mọ ohun tí àìsàn náà jẹ́ lójú ẹni tó ń ṣe.

Nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, ẹ̀rọ méjì sábà máa ń kí ara wọn kí wọ́n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Mélòómélòó èèyàn?

Nítorí náà, lẹ́yìn ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ bi ọmọ yín. Tí kò bá dáa, ẹ kọ́kọ́ sọ fún therapist. Tí nǹkan ò bá yí padà, ẹ wá ẹlòmíì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò.