Àwọn Ère Òkúta Ẹ̀sìẹ́

Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìtàn ayé, a kì í ṣàì dé Róòmù. Àwa olùkọ́ ní Ẹ̀rìn-Ilé a máa sọ fún wọn nípa Colosseum, pápá ìṣeré olókùúta tí a ṣí ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, tí àwọn ènìyàn ṣì ń ti ìdálẹ̀ wá wò. Ó dára kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà ni a ṣe kó wọn lọ sí Ẹ̀sìẹ́, ní ìtòsí Ọ̀mù-Àrán.

Ère tí ó wà níbẹ̀ lé ní 800, tọkùnrin tobìnrin. Òkúta rírọ̀ tí irin lè fá ni a fi gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. A di irun wọn lónírúurú, ilà sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó lè fi ìdí ẹni tí ó gbẹ́ wọn múlẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà ni pé àlejò ni wọ́n, tí a sọ di òkúta.

A máa ń kà á nínú ìwé pé Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., ni ó rí wọn ní ọdún 1933. Lóòótọ́, òun ni ó ròyìn wọn fún àwọn ará òde. Ní ọdún 1945 ni a dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí sílẹ̀ fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun tí onílé ń tọ́jú ha lè jẹ́ ohun tí ó sọnù bí? Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti ń ṣọ́ wọn nínú igbó, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn.

Ohun kan bà wá nínú jẹ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni kò lórí mọ́. Ní Róòmù pẹ̀lú, àwọn ará ìlú ti kó òkúta Colosseum lọ kọ́ ilé kí wọ́n tó mọ iyì rẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kì í dáàbò bo ohun àtijọ́. Àwọn tí ó mọ iyì rẹ̀ ni ń dáàbò bò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ọrùn tí kò ní orí kò ní bá olè dúnàá-dúrà orí náà.