Wásinmi Wà Nínú Ìwé Àwọn Ará Japan

Wásinmi,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ṣẹ́gun àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo sì ti ń yọmọ.

Mo rí ibi tó o ti ń ráhùn nínú lẹ́tà tó o kọ láti Japan pé àmì ìkọ̀wé kanji kan ṣoṣo, wọ́n á pè é báyìí lónìí, wọ́n á tún pè é bámìíràn lọ́la. Má jẹ́ kó sú ọ. Èyí tó o kọ ránṣẹ́ yẹn, 休, ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ènìyàn lápá òsì, igi lápá ọ̀tún: ẹni tó fẹ̀yìn ti igi, tó ń sinmi. Àbí kí ni orúkọ ìlú wa ń wí bí kò ṣe ìyẹn? Bí ará Japan bá fẹ́ kọ ìtumọ̀ Wásinmi sára pátákó, 休 ló máa lò.

O ní kyū ni wọ́n ń pè é nínú kyūjitsu, ọjọ́ ìsinmi, àmọ́ bí ènìyàn bá ń sinmi, yasumu ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni àwọn ará Japan ti gba àmì náà láyé àtijọ́. Wọ́n gba ìró kyū tó bá a wá, wọn ò sì torí ìyẹn sọ yasumu, ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn, nù. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Mo ka ìlà tí wọ́n fi ń kọ ọ́, mẹ́fà ni. Ẹẹ́fà! Àrokò ló sọ sí mi lọ́kàn. Láyé àwọn baba wa, bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ọkàn rẹ̀ fà sí ọ nìyẹn. Bó o bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ yín ti jọ. Ìró iye owó náà ló ń sọ̀rọ̀, bí ọ̀pọ̀ kanji ṣe ní apá tó ń sọ bí wọn ó ṣe pè é. Gollmer, míṣọ́nnárì tó bá àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀, Crowther àti Townsend, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, kọ nípa àrokò wa yìí sínú ìwé àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ ò rí àrokò sójú rí. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún olùkọ́ rẹ, kó mọ̀ pé àwa náà ní tiwa.

Ìgbà wo ni natsuyasumi yín, ìsinmi ìgbà ooru, ń bẹ̀rẹ̀? Bó o bá ń bọ̀, bá mi mú búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà wọn wá fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bọ́lá.