Lẹ́tà Àjàyí àti Ìrántí Tí Kò Fi Àbùkù Pamọ́

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, Samuel Àjàyí Crowther jókòó ní Fourah Bay, nílẹ̀ Sàró, ó sì kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú sínú lẹ́tà kan sí William Jowett, akọ̀wé C.M.S., ìyẹn ẹgbẹ́ ajíyìnrere Ìjọ Áńgílíkà. Ìtàn ìrìnàjò ni lẹ́tà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn ọ̀hún kì í ṣe èyí tí arìnrìnàjò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yàn. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò fọ ara rẹ̀ mọ́ níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun ya wọ Òṣogùn, ìlú Àjàyí, ní òwúrọ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pèsè oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́tà náà ṣàpèjúwe àwọn obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, tí ọmọ mìíràn dì mọ́ wọn lápá, tí ẹrù sì wà lórí wọn, bí wọ́n ṣe ń sá gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún kọjá. Àjàyí sì rántí bàbá rẹ̀ tó ti ojú ìjà wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, nítorí ìgbà ìkẹyìn tó fojú kàn án nìyẹn. Wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti yà wọ́n, tí wọ́n sì fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ olóyè tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà. Ìdápadà yìí ló jẹ́ kó tún bá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ pàdé ní ìlú Dàdá, kí wọ́n tó tún yà wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí mú kí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lóru, àyà rẹ̀ kò sì gbà á. Ó jẹ́wọ́ èyí láìbojúwẹ̀yìn. Wọ́n tà á fún Potogí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba òun àti àwọn ẹrú yòókù sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó Potogí tó ni wọ́n àti ọmọ rẹ̀ wá sínú ọkọ̀ náà ní dídè. Àjàyí rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà kò lè tó òun mọ́, ó bá gbá a lórí níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò dá ẹrú lẹ́bi irú ìyẹn? Síbẹ̀ ìwà ìkà ni Crowther pè é nínú lẹ́tà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ bí ó bá yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń kọ sí ọ̀gá ìjọ.

Ó yẹ kí a ka èyí mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn tí Crowther ti padà sílẹ̀ Yorùbá, nígbà tí Àfálà, ìyá rẹ̀, tó ti tó ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn mọ, wá bá a. Ara ìyá ń gbọ̀n, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn. Ìyá wá ń pè é ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà rẹ̀, tó ti kú sóko ẹrú, fi máa ń pè é. Crowther mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìrántí tó pa orúkọ wọ̀nyí mọ́ kò yà sọ́tọ̀ sí èyí tó pa ìgbátí tó gbá Potogí náà mọ́, nítorí náà ni ìtùnú ìpàdé yìí fi ṣe é gbà gbọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1848, Àfálà ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah.