Ọ̀bẹ Ńlá Àwọn Sámi ní Ilẹ̀ Òtútù

Lọ́sẹ̀ yìí, ilẹ̀ òtútù ni mo fẹ́ mú yín lọ, nítorí ọ̀bẹ kan tí mo rí níbẹ̀, àti nítorí ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lára àwọn tó ni ín.

Ní òkè pátápátá ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù, tí kì í sì í wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà tí ooru bá dé, ni àwọn ènìyàn kan ń gbé tí à ń pè ní Sámi. Ilẹ̀ wọn tàn ká orílẹ̀-èdè mẹ́rin: Norway, Sweden, Finland àti Rọ́ṣíà. Láyé àtijọ́ àwọn àjèjì a máa pè wọ́n ní Lapp, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gàn ni wọ́n ka èyí sí, nítorí náà ẹ má ṣe pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń pẹja, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí tí wọ́n ń kọ́ni. Àwọn díẹ̀ ló ń da ẹran reindeer, ẹran kan tó jọ àgbọ̀nrín tiwa, ṣùgbọ́n tí irun rẹ̀ ki, tí akọ àti abo rẹ̀ sì ń hùwo.

Ìlú Karasjok ni mo lọ, ní Norway, ní oṣù Máàṣì 2025. Ibẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ àwọn Sámi ti Norway wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní 1989. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òtútù ibẹ̀ ti rí. Fíríísà tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa fi ń mú ẹja dì máa ń tutù tó nǹkan bí dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1886, òtútù Karasjok dé dígírì 51 nísàlẹ̀ òdo! Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀hún, 20 péré ni, àwọn ọmọdé sì ń ṣeré níta.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ obìnrin níbẹ̀ ló mú mi lọ bá bàbá-bàbá rẹ̀ nínú igbó. Bàbá náà ti di ẹni ọdún 79, ó sì ń da ẹran láti kékeré. Nígbà tí ó dìde kí mi, ọ̀bẹ méjì ni mo rí ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan kékeré, èkejì ńlá.

Stuorraniibi ni wọ́n ń pe ọ̀bẹ ńlá yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju "ọ̀bẹ ńlá" lọ. Àwọn ará Finland ń pè é ní leuku. Irin rẹ̀ gùn tó ínṣì 8 tàbí 9, ó fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn. Bí a bá ní kí á fi wé tiwa, ó wà láàárín ọ̀bẹ ìdáná àti àdá. Igi birch, igi kan tí èèpo rẹ̀ funfun, ni wọ́n fi ṣe èkù rẹ̀. Wọn kì í fi irin ṣe é, nítorí irin inú òtútù yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni. Ìdí èkù náà fẹ̀ jáde, kí ó má baà yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn. Awọ ni àkọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n a fi ìwo reindeer sí i. Àkọ̀ náà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbé díẹ̀ nínú èkù mì, kí ọ̀bẹ má baà bọ́ sọnù bí olówó rẹ̀ bá ṣubú.

Mo bi bàbá náà pé: "Bàbá, ṣé kò sí àáké nílé ni, tí ẹ fi ń fi ọ̀bẹ la igi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi báyìí: "Àáké wà. Orí alùpùpù tí mo fi ń sáré lórí òjò dídì ló wà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí alùpùpù bá rì sínú omi abẹ́ yìnyín, tí o sì yọ jáde pẹ̀lú aṣọ tútù, ohun tó so mọ́ ìdí rẹ nìkan ló kù fún ọ. Bí iná kò bá tètè ràn, ó parí nìyẹn."

Ó sì fi hàn mí. Ó gé ẹ̀ka birch tó ti kú lórí ìdúró, ó ń ju ọ̀bẹ náà sí i bí a ti ń ju àdá. Ó gbé ìtì kékeré dúró, ó fi ojú ọ̀bẹ lé e lórí, ó sì fi kùmọ̀ igi lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Pá! Ìtì là sí méjì. Òjò dídì ti rin ara igi náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó tún là á wẹ́wẹ́, ó sì fá ọ̀kan títí ó fi hu irun bí irùngbọ̀n, láìjẹ́ kí irun náà já kúrò lára igi. Lẹ́yìn èyí ó bó èèpo birch. Epo wà nínú èèpo yìí, nítorí náà ó ń gbiná bí ó tilẹ̀ tutù. Ìṣáná ẹyọ kan péré ni ó ṣá, iná sì sọ.

Iṣẹ́ ọ̀bẹ náà kò tán síbẹ̀. Òun ni ó fi gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí a tẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, kí á tó tẹ́ awọ ẹran lé e. Òun náà ni ó fi la egungun ẹsẹ̀ ẹran tí a sè, tí a sì jẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n fi ń bó awọ, tí wọ́n sì fi ń gé àmì sí etí ọmọ ẹran. Àmì olúkúlùkù yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ti ń fi ìdílé hàn lọ́dọ̀ wa láyé àtijọ́.

Òfin ọ̀bẹ náà kò pọ̀. Má ṣe fi ọwọ́ kejì síwájú ojú ọ̀bẹ. Má ṣe fi í hú yìnyín, nítorí irin inú òtútù líle lè ṣẹ́. Nù ún gbẹ kí o tó kì í bọ àkọ̀. Bí o sì ń fà á yọ, má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa jẹ àkọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo pa òwe tiwa fún wọn pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Bàbá náà mi orí, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òwe náà rán òun létí ilé-ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ o. Ní 1898 ìjọba Norway pa á láṣẹ pé èdè wọn ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ Sámi, kí wọ́n má lo èdè Sámi ju bí ó bá ti di dandan lọ. Òfin ilé-ìwé ọdún 1959 ni ó tó ṣílẹ̀kùn fún èdè náà padà. Bàbá yìí ti wọ ilé-ìwé kí òfin náà tó jáde. Ó ní òun fi ọdún púpọ̀ dákẹ́ nínú kíláàsì, nítorí òun kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Àwọn ẹgbẹ́ òun mìíràn dàgbà, wọn kò sì sọ èdè náà sí ọmọ wọn mọ́, nítorí ìtìjú. Ní 1997, Ọba Harald tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Sámi; ní Nòfẹ́ḿbà 2024 ilé aṣòfin Norway náà tọrọ tiwọn.

Mo bi í léèrè kí ni èdè ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó dá mi lóhùn pé: "Tẹ́lẹ̀, òjò kì í sábà rọ̀ láàárín ìgbà òtútù. Nísinsìnyí ó ń rọ̀, ilẹ̀ á sì tún dì. Yìnyín tó bo oúnjẹ ẹran mọ́lẹ̀ lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní čuohki. Ẹran kò lè fi pátákò wà á; ebi lè pa á kú. Ọmọ tó bá mọ orúkọ yìí yóò mọ ohun tí òun ń wá, yóò sì kó ẹran lọ síbòmíràn. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, gbogbo rẹ̀ jẹ́ funfun lójú rẹ̀. Mo lè fún un ní ọ̀bẹ lónìí. Ta ni yóò fún un ní ọ̀rọ̀?"

Olùkọ́ náà túmọ̀ èyí tán, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Sámi báyìí, ìyá rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ tiyín rèé. Ọjà Jokkmokk ní Sweden, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1605, ṣì ń ná ní oṣù Fẹ́búárì lọ́dọọdún, ọ̀bẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ń tà. Ayédèrú wà níbi gbogbo tí àlejò bá ti ń ná owó, nítorí náà àwọn Sámi ní àmì kan, Sámi Duodji, tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tòótọ́ hàn. Ẹni tó bá rà á, inú ẹrù tí yóò wọ ikùn ọkọ̀ òfurufú ni kí ó kó o sí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Norway kò fẹ́ kí ènìyàn máa gbé ọ̀bẹ káàkiri ìgboro láìní ìdí rere.

Ní alẹ́ òní, ẹ gbé ọ̀bẹ ilé yín, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ léèrè: Kí ni à ń pe èyí tí a dì mú? Kí ni à ń pe ilé tí à ń kì í bọ̀? Bí wọ́n bá dáhùn pé èkù àti àkọ̀, ẹ yìn wọ́n. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má nà wọ́n o. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn.