Òṣùwọ̀n Tòótọ́

 Bí a ti ń ṣe àjọyọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ohun kan tí a kọ́ nínú yàrá kẹ́mísírì ni a fẹ́ sọ.

Ní 1975, nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹrin, olùkọ́ wa wọn gíráàmù 4 kọ́sítíìkì sódà, ó pò ó mọ́ omi títí gbogbo rẹ̀ fi di lítà 1 géérégé. Móòlù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 40. Nítorí náà, omi sódà náà jẹ́ 0.1 M. Ó fún tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ásíìdì háídírókílóríìkì, ó ní kí a wá bí ó ti le tó. A ó fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 25 cm³ omi sódà sínú ìgò, a ó kán methyl orange sí i, ásíìdì yóò sì máa kán láti inú bùrẹ́ẹ̀tì títí àwọ̀ ìyeyè náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Àwa àti ẹnìkejì wa fi àkókò ṣeré. Nígbà tí agogo fẹ́ lù, a yọjú wo ìwé tábìlì kejì, a rí 25.00 cm³, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ṣírò rẹ̀ sí 0.1 M. A kò mọ̀ pé ásíìdì tábìlì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Olùkọ́ wa kò mú pàṣán. Ó dá wa dúró lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, a ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, 20.00 cm³ ni a rí: 25 × 0.1 ÷ 20, èyí tí í ṣe 0.125 M. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ìṣirò yín kò ní àbùkù. Ẹ̀rí yín ni ó jẹ́ èké.”

Ní oṣù Keje 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ìbẹ̀rù gba ìlú. Àwọn kan tilẹ̀ ń mu omi iyọ̀. Àwa náà gbé báágẹ́tì omi ìfọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìjọ, a ní kí àwọn ọ̀dọ́ da bílíìṣì sí i, kí wọ́n fi ojú díwọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, ìyá àgbà kan na ọwọ́ rẹ̀ sí wa. Awọ rẹ̀ ti bó. Ó ní, “Bàbá, ṣé bí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí?”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a mú ìwé àti bírò. Ohun tí a kọ sára ìgò bílíìṣì náà ni 3.5 nínú 100, 0.05 nínú 100 ni ọwọ́ ń fẹ́. 3.5 ÷ 0.05 jẹ́ 70: ife bílíìṣì 1 sí ife omi 69. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà lójú gbogbo ìjọ, a sì so ife mọ́ báágẹ́tì náà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú èsì tí kò wù yín bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ni ó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bùrẹ́ẹ̀tì a máa fọ́. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀bùn fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ rántí rẹ̀.

Olùkọ́ wa ti sùn nínú Olúwa. A kò rí ọ̀rọ̀ ìyá náà sọ fún un kí ó tó lọ. Ẹ̀yin ni a wá sọ ọ́ fún.