Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yín o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò ní Èkó yìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kò sí ohun tó tètè ń sọ owó ilé-ìwé ọmọ di owó mẹkáníìkì bíi kí ọkọ̀ máa gbóná. Díẹ̀ ló kù kó ṣẹlẹ̀ sí tèmi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Nígbà náà, tí mo bá ti bọ́ sínú gò-sílóò ní Ọ̀jọ́ta báyìí, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tí ọ̀nà bá ti là, tí mo tẹná mọ́ ọn, á tún sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó gbọ́ pé ọkọ̀ ń gbóná, kò bi mí pé ìgbà wo ló ń gbóná, ló bá ní, “Ọ̀gá mi, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì yín ti jó. A máa sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ni.”

Owó tó pè, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi méjèèjì ló kúkú pè yẹn, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù kí wọ́n wọlé. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Tóbi, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan owó yẹn o.” Mo ní mi ò ní í fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, tó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, ó yẹ kí omi máa dínkù láìrí ibi tó ń jò sí, kí èéfín funfun máa jáde nínú sàlẹ́ńsà, tàbí kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Orí ló ń fọ́ni, wọ́n fẹ́ la inú ẹni!

Mo wá bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà lọ. Àwọn béèrè ìgbà tó ń gbóná, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n tan éésì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo iwájú ọkọ̀, ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín: “Fáànù yín ò yí.” Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tu rẹ́díétọ̀ lára. Tó bá dúró, àfi fáànù. Wọ́n yẹ fíúùsì wò, kò jó. Wọ́n fa iná láti bátìrì tààrà sí fáànù, ó yí bìrìrì. Rílè tó ń gbé iná fún un ló ti kú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò tó wákàtí kan. Owó tí mo san kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí mẹkáníìkì yẹn pè.

Tó bá jẹ́ orí eré tàbí orí òkè ni tiyín ti ń gbóná, tó sì ń tutù ní gò-sílóò, ẹ kọjú sí omi: bóyá ó ń jò, bóyá ìpatà ti dí rẹ́díétọ̀, tàbí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ tẹmọ́sítàtì dànù pé ìlú wa gbóná. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní ìwọ̀n ooru tó yẹ. Láìsí i, epo bẹntiróòlù á máa lọ jù.

Tó bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ pa éésì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ o! Omi inú ẹ̀ há mọ́bẹ̀ pẹ̀lú agbára ni. Á tú jáde, á sì bó ojú èèyàn. Ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹ má da omi tútù sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ó lè sán.

Mẹkáníìkì tí kò bá bi yín pé ìgbà wo ló ń gbóná, ẹ má tíì bi í pé èló ló máa gbà.