Ahọ́n Àbúrò Mi ní Qingping

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹja ni àbí ẹran?"

Ìbéèrè àbúrò mi obìnrin nìyẹn ní Guangzhou, ẹja tí wọ́n fi atalẹ̀ sè sì wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí kòrónà ti dá a dùbúlẹ̀, oúnjẹ kàn ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá ni. Aṣọ ló wá rà ní Xiaobei, àdúgbò táwọn oníṣòwò láti Áfíríkà ti ń ná ọjà. Èmi ni mo fà á lọ sí Qingping, ọjà egbòogi tó wà nítòsí erékùṣù Shamian.

Òórùn gbòǹgbò gbígbẹ gbà mí nímú kí a tó dé ìsọ̀ àkọ́kọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá oníṣègùn tá a bá níbẹ̀ kò kọ́kọ́ wo ẹnu. Wọ́n gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n bi í bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń yàgbẹ́, bóyá ikùn rẹ̀ máa ń wú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kó yọ ahọ́n. Ohun funfun kan bò ó láàárín, ó ki bí ògì.

Ní ìlànà ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, àárín ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ bí ikùn àti ọlọ inú ṣe wà. Ṣóńṣó rẹ̀ ń sọ ti ọkàn. Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn tó ti tó bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, gbà pé bí ọkàn bá balẹ̀, ahọ́n á mọ kíkan, kíkorò, dídùn, títa àti oníyọ̀ yàtọ̀ síra. Ọlọ inú ló ni ẹnu. Bàbá ní ọ̀rinrin ti bo ti àbúrò mi, kò jẹ́ kó lọ oúnjẹ dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu: iṣẹ́ tí àwa Yorùbá fi sọ ọlọ inú lórúkọ gan-an ni wọ́n gbà pé ó ń ṣe.

Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wọlé sí ojúko tí wọ́n ń pè ní Zusanli, ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ orúnkún, lápá ìta. Wọ́n sì di chenpi fún un: èèpo tanjarín gbígbẹ, tó le, tó dúdú díẹ̀ bí awọ bàtà àtijọ́. Ti Xinhui, ní ìpínlẹ̀ Guangdong tí Guangzhou náà wà, ló lókìkí jù; ó gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ní ìpamọ́, ó kéré tán.

Lójú tèmi, imú ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kòrónà máa ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣan òórùn ró jẹ́, bẹ́ẹ̀ òórùn ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú adùn oúnjẹ. Àìtó zinc náà lè pa ahọ́n kú, àti oògùn bíi captopril tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti ní kó rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun tá a bá délé. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́jọ tó ti ń kiri ilé ìwòsàn, bàbá yìí lẹ́ni àkọ́kọ́ tó bi í bó ṣe ń sùn. Omi lé ròrò sójú àbúrò mi.

Lálẹ́, ó rẹ èèpo náà sínú omi gbígbóná, ó gbé ife sẹ́nu, ó dákẹ́ pẹ́.

"Mi ò gbọ́ òórùn ọsàn kankan o, ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ ó ń korò, níbí." Ó fi ìka kan ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀.